Ìdè tí ògiri zeolite ń fi pamọ́ fún wa

Bí ẹ bá sọ ethanol di afẹ́fẹ́, tí ẹ sì darí rẹ̀ gba inú zeolite tó ti gbóná kọjá 300°C, nǹkan méjì ni yóò jáde lódì kejì: omi àti ethylene. Ethanol kì í ṣe àjèjì sí wa, òun ló wà nínú ẹmu, òun náà ló wà nínú ògógóró. Ethylene ni wọ́n ń so pọ̀ mọ́ra wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí ó tó di ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, kẹ́ẹ̀gì àti garawa. Ní Triunfo, ní gúúsù Brazil, ilé iṣẹ́ Braskem bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara ọtí ìrèké ṣe ethylene lọ́dún 2010, ẹ̀rọ tí wọ́n sì ṣí nígbà yẹn lè ṣe 200,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún.

A mọ ohun tó wọlé, a mọ ohun tó jáde. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì ni mo ń wá láti ìgbà tí mo ti di onímọ̀ kẹ́mísìrì, mi ò sì rò pé ó lè sú mi láéláé. Ìbéèrè náà kò gùn: nígbà tí ethanol bá ń sọ omi nù, kí ló kọ́kọ́ já? Ṣé ìdè tó so kábọ́ọ̀nù mọ́ ọ́síjìn ló ń kọ́kọ́ já ni, àbí háídírójìn ló ń kọ́kọ́ kúrò, àbí àwọn méjèèjì jọ ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí zeolite ṣe rí ná. Òkúta ni, àmọ́ òkúta tí ihò pọ̀ nínú rẹ̀, tí gbogbo ihò náà sì wà létòlétò, tí ìwọ̀n wọn ò yàtọ̀ síra. Wọ́n ń wa àwọn kan nínú ilẹ̀, wọ́n ń se àwọn mìíràn nínú láàbù. Èyí tí mo mọ̀ jù nínú wọn ni ZSM-5, tí ilé iṣẹ́ Mobil gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́dún 1972. Ihò rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi 0.55 nanometre. Ó gba ethanol wọlé, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ fún un láyè láti yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún. Sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀. Níbi tí alumíníọ̀mù bá ti gba ipò sílíkọ́ọ̀nù, agbára iná ara ògiri náà kò ní dọ́gba mọ́, háídírójìn kan á sì wá jókòó sórí ọ́síjìn tó wà láàárín àwọn méjèèjì láti dí àlàfo yẹn. Háídírójìn yìí ni ásíìdì inú zeolite. Prótọ́ọ̀nù là ń pè é, òun gan-an ló sì ń ṣiṣẹ́ tí a fi ń pe zeolite ní catalyst, ìyẹn ohun tó ń mú kí kẹ́míkà yí padà kíákíá láìjẹ́ pé òun alára parẹ́.

Kì í ṣe ethanol nìkan ló ń bá a ṣe pọ̀. Lọ́dún 1977, Clarence Chang àti Anthony Silvestri ti Mobil tẹ ìwé jáde lórí bí ZSM-5 ṣe ń sọ methanol, ọtí mìíràn tó ní kábọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, di pẹtiróòlù. Kí àárín àwọn ọdún 1980 tó kọjá, New Zealand ti kọ́ ilé iṣẹ́ sí Motunui, wọ́n ń ti ara gáàsì ilẹ̀ wọn ṣe methanol, wọ́n ń ti ara methanol ṣe pẹtiróòlù. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ náà, kí ọtí sọ omi nù ni: methanol méjì á pàdé, wọ́n á di dimethyl ether, omi kan á sì jáde.

Ẹ padà wá sọ́dọ̀ ethanol. Ẹnì kan lè sọ pé prótọ́ọ̀nù á di ọ́síjìn rẹ̀ mú, ìdè C–O, ti kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn, á já, omi á bọ́ sílẹ̀, ìyókù ethanol, tí à ń pè ní ethoxy, á sì lẹ̀ mọ́ ògiri. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ethoxy á dá háídírójìn kan padà fún zeolite, tí á sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí ethylene. Ẹlòmíràn lè ní irọ́ ni, pé kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ohun gbogbo ń ṣẹlẹ̀. Ẹnì kẹta á ní ethanol méjì ló pàdé lórí prótọ́ọ̀nù kan, wọ́n di diethyl ether, ether yẹn ló wá fọ́ sí ethylene àti ethanol. Ní nǹkan bíi 200°C, ether gan-an ló máa ń pọ̀ jù nínú ohun tó ń jáde, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni kẹta kì í ṣe ọ̀rọ̀ à ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀, ethylene kan náà ni gbogbo wọn parí sí lẹ́nu páìpù. Ẹ wọn ohun tó ń jáde títí ilẹ̀ á fi ṣú, ìyẹn nìkan kò ní fi ẹni tó jàre hàn yín.

Ìdí nìyí tí a fi ń wo inú rẹ̀. Gbogbo ìdè ló ń gbọ̀n, bó sì ṣe ń yára gbọ̀n tó wà lọ́wọ́ bí ìdè náà ṣe le tó àti bí àwọn átọ̀mù tó so pọ̀ ṣe wúwo tó. Bí ìmọ́lẹ̀ infrared, èyí tí ojú kò lè rí, bá ń kọjá, ìdè kọ̀ọ̀kan á gba èyí tó bá ìgbọ̀n tirẹ̀ mu, ẹ̀rọ á sì kọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dín kù sílẹ̀ bíi góńgó lórí àwòrán tí à ń pè ní spectrum. Cm⁻¹, ìyẹn iye ìgbì ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà kan, là ń fi wọn ìgbọ̀n yìí, kò sì sí nínú wa tó máa ń pe cm⁻¹ yẹn lẹ́nu mọ́. Nọ́ńbà lásán la máa ń dá bí ẹni dá orúkọ ọ̀rẹ́.

Ìyẹ̀fun zeolite la máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ di pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nǹkan bíi mílígíráàmù mẹ́wàá fún sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Bó bá nípọn jù, ìmọ́lẹ̀ kò ní kọjá. Bó bá fẹ́lẹ́ jù, á fọ́ kí ẹ tó yọ ọ́ kúrò lẹ́nu irin tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Èémí imú tó le díẹ̀ ti tó láti bà á jẹ́, ìyẹn ni ẹni tó bá ń gbé e fi ń dákẹ́. Ẹ rọra gbé e wọ inú cell, àpótí kékeré tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà kọjá, ẹ fa gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde, ẹ wá máa mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé 450°C, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Kò sí ohun tí zeolite fẹ́ràn tó omi láyé yìí. Bí ẹ kò bá lé omi jáde tán lóru, omi náà ni ẹ ó máa rí ní gbogbo ọjọ́ kejì.

Láàárọ̀, bí nǹkan bá lọ déédéé, góńgó méjì á dúró ṣánṣán lápá òsì spectrum. Ọ̀kan wà nítòsí 3745, ti àwọn OH (ọ́síjìn tó di háídírójìn mú) ara òde kírísítà ni, àwọn yẹn kò ní agbára ásíìdì tó bẹ́ẹ̀. Èkejì wà nítòsí 3610, ti prótọ́ọ̀nù tí mò ń sọ ni. Ẹ wá ṣí ẹnu fáàfù díẹ̀ kí ethanol díẹ̀ wọlé. 3610 á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ lójú yín. 3745 kò ní mì. Àfi ìgbà tí 3610 bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ni 3745 náà á tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀ inú mi ṣì ń dùn sí i, torí níṣojú èèyàn ni mólékù ti ń yan ibi tó wù ú láti jókòó. Raymond Gorte àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní University of Pennsylvania fi hàn pé iye ọtí tó ń di ògiri mú gírígírí kì í ju iye alumíníọ̀mù lọ, ọ̀kan fún ọ̀kan ni. Wọ́n tún wọn ooru tó ń jáde nígbà tí ọtí bá jókòó: nǹkan bíi 115 kJ fún mole kan ti methanol, nǹkan bíi 130 ti ethanol. Ooru yẹn pọ̀. Ọtí tó bá jókòó síbẹ̀ kò jókòó ṣeré.

Níbi tí 3610 ti parẹ́, òkè ràgàjì mẹ́ta á hù dípò rẹ̀, nítòsí 2900, 2400 àti 1700. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn àgbà ìmọ̀ yìí fi jiyàn lé wọn lórí. Àwọn kan ní prótọ́ọ̀nù ti fi ògiri sílẹ̀, ó ti wọ ara ọtí lọ. Àwọn mìíràn ní ó ṣì wà nílé rẹ̀, pé ó kàn na ọwọ́ sí ọtí ni. Lọ́dún 1995, Frank Haase àti Joachim Sauer fi ìṣirò kọ̀ǹpútà wo ọ̀rọ̀ methanol, ohun tí wọ́n rí sì gbe àwọn ìkejì: bí ọtí kan ṣoṣo bá wà lórí prótọ́ọ̀nù kan, prótọ́ọ̀nù kì í kúrò nílé. Kí wá ni òkè mẹ́ta? OH kan ṣoṣo ni. Ìdè náà ti rọ̀ débi pé góńgó rẹ̀ fẹ̀ káàkiri, ìgbọ̀n mìíràn tí OH yẹn kan náà ń ṣe nígbà tó bá ń tẹ̀ sọ́tùn-ún sósì wá pàdé rẹ̀ níbi méjì, ó sì gé e sí mẹ́ta. Mo ka ìjiyàn yẹn sí ọ̀kan lára àwọn ohun tó dára jù nínú ìmọ̀ yìí, torí ohun kan náà ni gbogbo wọn rí lórí spectrum, kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé ibi tó ń dùn mí. Ìdè tí a ń wá ni C–O. Òun ló gbọ́dọ̀ já kí omi tó lè jáde. Nínú ọtí, ìgbọ̀n rẹ̀ wà láàárín 1000 sí 1100. Ṣùgbọ́n ògiri zeolite alára, sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn yẹn, ń gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 1300. Ibẹ̀ dúdú kirikiri. Òkè díẹ̀ náà kò fararọ: zeolite ní góńgó tirẹ̀ nítòsí 2000, 1880 àti 1640, èyí tó kẹ́yìn yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn lé 1630 tí omi ti máa ń hàn, omi tó jẹ́ pé òun gan-an là ń retí pé kó jáde. Ohun tí infrared ń fi hàn wá kedere, OH àti CH, ẹ̀gbẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n wà. Àárín rẹ̀ gan-an ni ògiri bò mọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè gbà á gbọ́ nígbà tí ẹnì kan bá fi spectrum infrared kan ṣoṣo ya gbogbo ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Àwọn èèyàn ti wá ọgbọ́n dá sí i. Ní ISIS, ilé ìwádìí kan ní Harwell lágbègbè Oxfordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nútírọ́ọ̀nù ni wọ́n ń lò dípò ìmọ́lẹ̀. Nútírọ́ọ̀nù, ọ̀kan lára àwọn ẹyọ kékeré inú átọ̀mù, kò fi bẹ́ẹ̀ ka sílíkọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn sí, háídírójìn ló ń rí jù. Ògiri tó bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀ fún infrared á wá dàbí ẹni pé kò sí níbẹ̀, ìgbọ̀n ọtí àti ohun tó lẹ̀ mọ́ ògiri á sì yọ jáde nísàlẹ̀ 1300. Àmọ́ ó ní ìnira tirẹ̀: gíráàmù zeolite mélòó kan ni wọ́n nílò dípò mílígíráàmù mẹ́wàá, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mú un tutù wọ nǹkan bíi −250°C kí ìgbọ̀n tó lè hàn ketekete. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ooru, a dá a dúró, a mú un dì, ká tó wò ó. NMR, ẹ̀rọ tó ń fi agbára máńẹ́ẹ̀tì mọ ipò tí átọ̀mù wà nínú mólékù, náà ní ti tirẹ̀. Michael Hunger àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Stuttgart, Jámánì, rán methanol tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ jẹ́ ¹³C, kábọ́ọ̀nù tó wúwo díẹ̀ ju ti lásán lọ tí NMR sì lè rí, wọ inú zeolite, wọ́n wá fi náítírójìn fọ̀ ọ́ nínú ooru títí gbogbo methanol àti ether fi lọ, ó wá ku methoxy nìkan, ìyókù methanol tó lẹ̀ mọ́ ògiri bíi ti ethoxy. Lórí ZSM-5 ó máa ń hàn nítòsí 59 ppm (ppm ni NMR fi ń sọ ibi tí àmì wà), methanol nítòsí 50. Dimethyl ether kò jìnnà sí 60, nítorí náà ẹ rí i pé fífọ̀ yẹn kì í ṣe àfiṣeré.

Methoxy wà lóòótọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀ mọ́. A tún rí i lórí infrared, nítòsí 2980 àti 2870. Àmọ́ wíwà yàtọ̀ sí ṣíṣiṣẹ́. Níbi ìnáwó, àwọn tó kún abẹ́ àtíbàbà kọ́ ló ń dáná. Àwọn tó ń dáná wà lẹ́yìnkùlé, wọn kì í pọ̀, wọn kì í sì í dúró sójú kan. Góńgó tó ga jù lórí spectrum lè jẹ́ ti mólékù tó jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, kí èyí tó ń ṣiṣẹ́ má pẹ́ débi tí ẹ̀rọ á fi rí i.

Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí. A á fi CD₃OD, methanol tí gbogbo háídírójìn rẹ̀ jẹ́ deuterium tó wúwo ju háídírójìn lásán lọ, ṣe methoxy. CD, ìdè kábọ́ọ̀nù àti deuterium, máa ń gbọ̀n láàárín 2050 sí 2250, ibi tó jìnnà sí CH lásán, nítorí náà a kò ní ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́ mọ́, a á rán CH₃OH wọlé. Bí methoxy bá fi ara rẹ̀ fún methanol tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, CD₃OCH₃ ni yóò jáde, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ 49 lórí ẹ̀rọ tó ń wọn ìwúwo mólékù. Bó bá jẹ́ àwọn methanol tuntun méjì ló pàdé ara wọn, 46 ni. Bí 49 bá ń gòkè bí góńgó CD ṣe ń wálẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì ń bá ara wọn rìn, ó tó ohun tí èèyàn ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé ìwọ̀n 46 yìí náà ni ti ethanol, torí átọ̀mù kan náà ló wà nínú òun àti dimethyl ether. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ọtí méjèèjì nínú láàbù kan, ẹ máa wo 45 àti 31 tó máa ń jáde nígbà tí ẹ̀rọ bá fọ́ wọn: 45 ló ga jù fún ether, 31 ló ga jù fún ethanol.

Síbẹ̀, ohun tí irú ìdánwò yẹn fi hàn ni pé methoxy lè ṣiṣẹ́ náà. Kò fi hàn pé òun ló ń ṣe é nígbà tí methanol bá ń wọlé lọ́pọ̀ yanturu. Andrew Jones àti Enrique Iglesia ní Berkeley ló tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí jù lójú tèmi, nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2014. Wọ́n kó bí ìyípadà ṣe ń yára tó, spectrum infrared tí wọ́n yà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, àti ìṣirò kọ̀ǹpútà pọ̀ sójú kan. Ohun tí wọ́n rí ni pé ní ìwọ̀n ooru àti ìtẹ̀ (pressure) tí a ń lò ní tòótọ́ láti gba omi lára methanol, methanol méjì tó pàdé tààrà ló ń ṣe ether. Ọ̀nà methoxy ń gba iwájú nígbà tí ooru bá pọ̀ sí i, tí ìtẹ̀ sì dín kù. Ẹ wá wò ó: ooru púpọ̀, ìtẹ̀ kékeré, ohun tó jọ ipò tí a máa ń fi zeolite sí gan-an nìyẹn nígbà tí a bá fẹ́ fọ gbogbo nǹkan kúrò ká lè rí methoxy dáadáa. Ọ̀nà tí a gbà wò ó ti bá wa yan ohun tí a ó rí. Láti ìgbà tí mo ti ka ìwé yẹn ni mo ti ń kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n ooru àti ìtẹ̀ kí n tó wo spectrum ẹnikẹ́ni.

Àwọn ará ilé máa ń bi mí pé kí ló kàn wá nínú gbogbo èyí. Ó kàn wá. Amọ̀ funfun kaolin pọ̀ nílẹ̀ wa, Ìkéré-Èkìtì ní in, Ahoko ní ìpínlẹ̀ Kogi ní in, àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà sì ti ń ti ara rẹ̀ ṣe zeolite. Sílíkọ́ọ̀nù àti alumíníọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú kaolin, nítorí náà zeolite A rọrùn láti fi ṣe, àmọ́ bí ẹ bá ń fẹ́ ZSM-5, ẹ gbọ́dọ̀ wá sílíkà kún un, eérú èèpo ìrẹsì sì kún fún sílíkà. Ṣíṣe é kọ́ ni wàhálà tó pọ̀ jù. Láti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ni iná kò gbọdọ̀ lọ láti alẹ́ mọ́jú, pọ́ǹpù kò gbọdọ̀ dúró, náítírójìn olómi tó ń mú ojú ẹ̀rọ tutù kò sì gbọdọ̀ tán. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ wà nílé. Cell infrared kan tó ṣeé mú gbóná àti iná tí kì í lọ lóru, ẹ̀bẹ̀ tí mò ń bẹ àwọn tó lówó lọ́wọ́ nìyẹn, mi ò sì ní yé bẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ ti wa nínú rẹ̀. Ọtí tí a bá ti ara ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe kì í wá láìsí omi. Bí ẹ bá se é títí, ìsè lásán kò lè mú un kọjá nǹkan bíi 95.6%. Omi yẹn á bá a wọ inú zeolite, tí omi bá sì ti pọ̀ tó, á gba prótọ́ọ̀nù kúrò lára ògiri, wọ́n á jọ di ion kan, ohun tó ní agbára iná lára, nínú ihò. 3610 tí a fi ń ṣọ́ ohun gbogbo á parẹ́ kí ọtí tó débẹ̀ rárá. Johannes Lercher àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi ¹³C àti NMR tẹ̀ lé ọtí mìíràn, cyclohexanol, nínú omi gbígbóná lórí zeolite mìíràn tí à ń pè ní BEA, wọ́n rí i tí àmì ¹³C ń sún láti ipò kan sí òmíràn, ohun tó fi hàn pé kábọ́ọ̀nù kan dá dúró láìní ọ́síjìn fún ìgbà díẹ̀ kí háídírójìn tó kúrò.

Ti ethanol wù mí láti rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ¹³C sí kábọ́ọ̀nù tó di OH mú nìkan, NMR á fi í hàn nítòsí 60 ppm. Bí ethanol yẹn bá di ethylene, kábọ́ọ̀nù méjèèjì á dọ́gba, kò sí èyí tó mọ èyí tó di ọ́síjìn mú tẹ́lẹ̀. Bí ethylene bá wá padà gba omi nínú ihò kó tó jáde, tó tún di ethanol, àmì náà lè bọ́ sí kábọ́ọ̀nù kejì, a á sì rí i nítòsí 17 ppm. Iye tó bá hàn ní 17, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tó kù ní 60, á sọ fún wa bí ethylene ṣe ń padà sẹ́yìn tó nígbà tí omi bá pọ̀, àti bóyá ìdè C–O ń já lọ́pọ̀ ìgbà ju iye ethylene tí à ń kà lẹ́nu páìpù lọ.